Káàdì Medicare dé fún ọkọ mi tí kò tíì pé ọdún 65: ṣé dandan ni kí a ra Medigap?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ti rìn ní ọ̀nà yìí là mí lọ́yẹ̀ kí n tó fọwọ́ sí ohun tí n kò mọ̀ dájú. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta ọdún 2023 ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ mi, tí í ṣe awakọ̀ ẹrù. Ẹni ọdún 57 ni báyìí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò, ọ̀rọ̀ sísọ sì ṣì nira fún un. A kọ̀wé sí Social Security, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àti ti àìlera, fún owó ìrànwọ́ aláàbọ̀ ara. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀, a tún un kọ, wọ́n sì gbà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nínú oṣù kẹfà ọdún 2025 yìí, àpòòwé kan dé, káàdì Medicare, ìnṣọ́ránsì ìlera ìjọba, sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àlàyé pé yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án.

Láti ìgbà náà ni fóònù wa kò ti sinmi. Ẹnì kan ní kí a ra Medigap kíákíá kí ilẹ̀kùn tó tì. Ẹnì kejì ní Medicare Advantage tí a kò ní san owó oṣooṣù fún ló dára. Ẹnì kẹta ń ta ìnṣọ́ránsì àrùn jẹjẹrẹ pẹ̀lú èyí tó ń san owó fún gbogbo ọjọ́ tí ènìyàn bá lò ní ilé ìwòsàn. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń pe ọjà wọn: àfikún. Àfikún lórí kí ni? Kí ni ìjọba fúnra rẹ̀ ń san, kí ni kò san, kí ló sì dé tí káàdì yìí fi pẹ́ ju ọdún méjì lọ kó tó dé? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìkánjú dá mi lóhùn.


Akọ̀wé Tó Fẹ̀yìn Tì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Ọlọ́run yóò gbé bàbá dìde. Ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé kankan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ará wa kọ fọ́ọ̀mù Social Security, ohun tí mo sì rí ni pé ọjọ́ tí a kọ sínú lẹ́tà ló ń darí ètò yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju bí àìsàn ṣe le tó lọ. Ẹ jẹ́ kí a ka ti ọkọ yín.

Ọjọ́ tí Social Security gbà pé àìlera bẹ̀rẹ̀ ni gbòǹgbò gbogbo ìṣirò. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, wọn kì í sanwó fún oṣù márùn-ún àkọ́kọ́, oṣù tó bá sì pé láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ń kà. Nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta ni àìsàn dé, oṣù kẹta kò sí nínú ìkà. Oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹjọ ni márùn-ún náà. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí owó bẹ̀rẹ̀, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì tún ka oṣù 24 mìíràn kí Medicare tó dé. Ẹ kà á síwájú, yóò gbé yín dé ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 gan-an. Kò sí ẹni tó gbàgbé fáìlì yín sí ibì kankan; bí òfin ṣe rí nìyẹn. Àwọn tí àrùn ALS, tó ń sọ iṣan ara di aláìlágbára, mú kì í dúró de oṣù márùn-ún tàbí oṣù 24 náà, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ sì ti dẹ́kun iṣẹ́ sábà máa ń gba Medicare ní oṣù kẹrin tó bẹ̀rẹ̀ sí fọ ẹ̀jẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé márùn-ún àti 24 jẹ́ 29. Òfin COBRA, tó ń jẹ́ kí ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ máa fi owó ara rẹ̀ san ìnṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ náà lọ, fàyè gba oṣù 18 fún ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè di oṣù 29 fún ẹni tí Social Security bá sọ pé àìlera rẹ̀ ti wà kí 60 ọjọ́ àkọ́kọ́ COBRA tó pé. Wọ́n wọn ọ̀kan kó lè bá ìkejì dọ́gba. Ṣùgbọ́n ènìyàn gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà Social Security han ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì láàárín 60 ọjọ́ tó gbà á, kí oṣù 18 náà sì tó parí. Owó oṣù 11 tó kẹ́yìn sì lè ga tó ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye owó ètò náà. Ó ti bọ́ fún ẹ̀yin, mo ń sọ ọ́ nítorí ẹni tó ń kà á lẹ́yìn yín tí tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: ètò méjì ni àwọn ènìyàn ń pè ní "disability" bí ẹni pé ọ̀kan ni. SSDI, tí ọkọ yín ń gbà, jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ tó sì ti san owó orí Social Security. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè iye tó wà ní báńkì. Ọdún 1956 ni wọ́n fi í lélẹ̀. SSI ni ti aláìní; ó bẹ̀rẹ̀ sí sanwó ní oṣù kìíní ọdún 1974, wọ́n sì máa ń tú àpò ènìyàn wò kí wọ́n tó san án. Ní ọdún 2025, iye tó ga jù tí ìjọba àpapọ̀ ń san fún ẹnì kan ni dọ́là 967 lóṣù, ohun ìní rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju dọ́là 2,000 lọ, tàbí 3,000 fún tọkọtaya. Wọn kì í ka ilé tí ènìyàn ń gbé àti ọkọ̀ kan. Ilé kejì wà nínú ohun tí wọ́n ń kà, ì báà jẹ́ Ìbàdàn ló wà. Mo ti rí ẹni tó ń wí pé ilé tí òun kọ́ sílé kò kan ìjọba Amẹ́ríkà. Ó kàn wọ́n. SSDI ló ń mú Medicare wá, SSI sì ń mú Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún aláìní, wá ní ọ̀pọ̀ jù lọ ìpínlẹ̀, láìsí oṣù 24 kankan.

Èmi yóò padà wá sórí Medigap lálẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí.


Awakọ̀ Takisí

Bàbá Akọ̀wé ti sọ ọ́ pé ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ló ni SSDI, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ti ara mi kún un, nítorí púpọ̀ nínú wa tó ń wakọ̀ tàbí tó ń ta ọjà fúnra rẹ̀ ni yóò bọ́ sínú ọ̀fìn yìí. Kírẹ́díìtì ni Social Security ń kà, mẹ́rin péré sì ni ènìyàn lè kó jọ lọ́dún. Ní ọdún 2025, dọ́là 1,810 tí a pa tí a sì san owó orí rẹ̀ ló ń fúnni ní ọ̀kan. Ẹni tó ti dàgbà díẹ̀ sábà máa ń nílò 40, 20 nínú wọn sì gbọ́dọ̀ wá láti inú ọdún mẹ́wàá tó kẹ́yìn kí àìlera tó dé. Ti ọ̀dọ́ kò tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo ń wa takisí, mo máa ń kọ ìnáwó rẹpẹtẹ sínú ìwé owó orí kí èrè tó kù lè kéré, inú mi sì máa ń dùn pé mo ti gbọ́n ju ìjọba lọ. Nígbà tí ẹ̀yìn mi bàjẹ́ ni mo rí i pé orí èrè kékeré tí mo kọ sílẹ̀ ni wọ́n gbé ìṣirò owó mi lé. N kò lè bú ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣí àkáǹtì yín lórí ìkànnì Social Security, ẹ wo iye tí wọ́n kọ sí ọdún kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún èyí tó bá ṣì ṣe kó tó di ọjọ́ tí ẹ nílò rẹ̀.


Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ sí, mo ní ọ̀rọ̀ kúkúrú: ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn láàárín 60 ọjọ́ tí ẹ gba lẹ́tà náà. Àtúnyẹ̀wò ló kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́jọ́ níwájú adájọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Appeals Council, kó tó kan ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀. Agbẹjọ́rò tó bá gba ẹjọ́ yín lábẹ́ àdéhùn tó wọ́pọ̀ kì í gba owó iṣẹ́ rẹ̀ àyàfi tí ẹ bá jàre: ìdá kan nínú mẹ́rin owó ẹ̀yìn, ìyẹn owó àwọn oṣù tó ti kọjá tí wọn kò tíì san, tàbí dọ́là 9,200 ní ọdún 2025, èyí tó bá kéré jù.

Ní ti ìwé dókítà, mo ti rí èyí tó pọ̀ jù tó kàn kọ pé "aláìsàn náà kò lè ṣiṣẹ́ mọ́". Gbólóhùn yẹn kò gbé ẹnikẹ́ni dé ibì kankan. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé ìṣẹ́jú mélòó ló lè dúró, ìwọ̀n ẹrù wo ló lè gbé, ṣé ó lè fi ọwọ́ ọ̀tún de bọ́tìnì, ṣé ó lè rántí ìtọ́ni mẹ́ta tẹ̀léra, àti pé àìlera náà yóò tó oṣù 12 ó kéré tán. Fún rọpárọsẹ̀, wọ́n sábà máa ń fẹ́ rí bí ara ṣe rí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nítorí náà ìwé tí a kọ ní ọ̀sẹ̀ kejì kò tó.


Akọ̀wé Tó Fẹ̀yìn Tì

Mo ti padà. Ìyá Ìbejì, ẹ kọ́kọ́ wo ihò tó wà lára Medicare, ìgbà náà ni ẹ óò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi dí i.

Part A ni ti ilé ìwòsàn, ọkọ yín kò sì ní san owó oṣooṣù fún un. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dá a dúró sí ilé ìwòsàn, yóò kọ́kọ́ san dọ́là 1,676 ní ọdún 2025 yìí. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Rárá o: tó bá ti lo 60 ọjọ́ tẹ̀léra nílé láìpadà sí ìtọ́jú ilé ìwòsàn, tó sì tún padà síbẹ̀, òmíràn tún bẹ̀rẹ̀. Part B ni ti dókítà, àyẹ̀wò, àti ìtọ́jú tí a ń ṣe tí a sì ń padà sílé. Dọ́là 185 ni lóṣù ní ọdún 2025, láti inú owó SSDI ni wọ́n sì máa ń yọ ọ́. Ẹ óò san dọ́là 257 àkọ́kọ́ ní ọdún 2025 náà, lẹ́yìn náà Medicare yóò san ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀yin yóò sì san ìdá 20. Ìdá 20 yìí ni ẹkùn inú igbó, nítorí pé kò ní òpin. Tí iye tí Medicare fọwọ́ sí fún ìtọ́jú lọ́dún bá jẹ́ dọ́là 40,000, ó lé ní 7,900 tí yóò já lé yín léjìká. Ní ti oògùn, Part D ló ni í, ibẹ̀ sì ti dára sí i: ní ọdún 2025, ẹnikẹ́ni kò ní san ju dọ́là 2,000 lọ láti àpò ara rẹ̀ fún oògùn tí ètò rẹ̀ bá bò.

Medigap ni ìnṣọ́ránsì aládàáni tó ń dí ihò Part A àti Part B wọ̀nyí. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń pè wọ́n, Plan A, Plan G, Plan N àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má sì jẹ́ kí Plan A àti Part A da ọ̀rọ̀ rú mọ́ yín lójú. Yàtọ̀ sí ìpínlẹ̀ Massachusetts, Minnesota àti Wisconsin tí wọ́n ní ìlànà tiwọn, Plan G tí ilé iṣẹ́ kan ń tà kò yàtọ̀ sí ti èkejì nínú ohun tó ń san. Iye owó rẹ̀ ló ń yàtọ̀. Nítorí náà, àjẹ́ǹtì tó bá sọ fún yín pé Plan G tirẹ̀ lágbára ju ti ẹlòmíràn lọ, ẹ rẹ́rìn-ín kí ẹ sì bi í ní iye tí yóò di ní ọdún márùn-ún sí i. Plan G ń dí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ihò náà, àfi dọ́là 257 ti Part B. Plan C àti Plan F kò sí fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹni Medicare láti ọdún 2020.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣe pàtàkì jù rèé. Medicare bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òfin ọdún 1965 fún àwọn tó ti pé ọdún 65. Òfin ọdún 1972 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àwọn aláàbọ̀ ara kún un, wọ́n sì wọlé ní oṣù keje ọdún 1973. Títí di òní, òfin Medigap ìjọba àpapọ̀ ṣì ń wo ọdún 65. Oṣù mẹ́fà tí ilé iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ fi àìsàn kọ ènìyàn, tàbí kó fi owó lé e lórí nítorí rẹ̀, ìgbà tí ẹni náà bá ti pé 65 tó sì ní Part B ló ń bẹ̀rẹ̀. Fún ẹni ọdún 57, òfin ìjọba àpapọ̀ kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni láti tà á fún un. Ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ni yóò pinnu. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti pàṣẹ pé ó kéré tán kí ilé iṣẹ́ ta oríṣi kan fún aláàbọ̀ ara tí kò tíì pé 65, àwọn kan kò pàṣẹ nǹkan kan, ní àwọn ibòmíràn tí wọ́n sì ti ń tà á, owó rẹ̀ lè ju ti àgbàlagbà lọ gidigidi. Ohun tó dùn níbẹ̀ ni pé nígbà tí ọkọ yín bá pé 65, ilẹ̀kùn oṣù mẹ́fà náà yóò tún ṣí fún un bí ẹni tuntun.

Ìnṣọ́ránsì àrùn jẹjẹrẹ àti ti ọjọ́ ilé ìwòsàn kì í ṣe Medigap rárá. Iye kan pàtó ni wọ́n ń kó fún yín tí ohun tí wọ́n dárúkọ bá ṣẹlẹ̀, kò sì kàn wọ́n bóyá ó tó tàbí kò tó.


Àbíkẹ́yìn

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. New York ni èmi àti ìyá mi ń gbé. Níbí, kò sí ọjọ́ tí ilẹ̀kùn Medigap tì: ìgbàkúgbà nínú ọdún ni ènìyàn lè rà á, wọn kò sì gbọdọ̀ fi ọjọ́ orí tàbí àìsàn yan owó fún ènìyàn, kódà ẹni tí kò tíì pé 65. Wọ́n kàn lè ní kó dúró tó oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó sanwó fún àìsàn tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí kò bá ní ìnṣọ́ránsì kan tẹ́lẹ̀. Nítorí èyí, ẹ má ṣe gba ìmọ̀ràn ará New York lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Èmi fúnra mi ti ṣi àbúrò mi kan lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tó yẹ kí a máa rántí nítorí ìrìn àjò sílé: Medicare kì í sanwó ìtọ́jú ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n Plan C, D, F, G, M àti N máa ń san ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtọ́jú pàjáwìrì nílẹ̀ òkèèrè, lẹ́yìn dọ́là 250 àkọ́kọ́, tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín 60 ọjọ́ àkọ́kọ́ ìrìn àjò; dọ́là 50,000 sì ni òpin rẹ̀ ní gbogbo ayé ẹni. Ẹni tó ń gba SSI ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ lo 30 ọjọ́ tẹ̀léra lẹ́yìn odi, nítorí owó náà yóò dúró.


Bàbá Olókè

Ẹni ọdún 61 ni mí, ẹ̀rọ ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Mo wà lórí Medicare Advantage, ìyẹn Medicare tí a ń gbà láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì aládàáni, n kò sì ní bú u, n kò sì ní gbé e gẹ̀gẹ̀. Títí di ìparí ọdún 2020, ọ̀pọ̀ irú wa kò lè wọ inú rẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2021 ni òfin ti gbà wá láàyè. Wọn kò lè kọ ènìyàn nítorí àìsàn, wọ́n sì ní òpin: ní ọdún 2025, ohun tí ènìyàn yóò san láti àpò ara rẹ̀ fún ìtọ́jú lọ́dọ̀ àwọn dókítà inú ètò náà kò gbọdọ̀ ju dọ́là 9,350 lọ. "Kò gba owó oṣooṣù" tí wọ́n ń pariwo kò túmọ̀ sí pé ẹ kò ní san dọ́là 185 ti Part B. Ẹ óò san án. Àwọn dókítà tí wọ́n kọ sínú ìwé wọn ni ẹ óò máa lọ bá, ohun púpọ̀ sì wà tí wọ́n ní kí dókítà tọrọ àṣẹ kó tó ṣe. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi dúró de àṣẹ àyẹ̀wò kan. Kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ pe ọ́fíìsì dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ bàbá, kí ẹ béèrè ètò náà lórúkọ. Ẹni tó bá sì wà nínú Advantage kò lè lo Medigap pẹ̀lú rẹ̀.

Tí owó tó ń wọlé bá kéré, ẹ béèrè fún QMB, ètò tó ń bá ẹni tí owó rẹ̀ kéré san owó Medicare, ní ọ́fíìsì Medicaid kí ẹ tó ra ohunkóhun. Fún ẹnì kan ní ọdún 2025, ní ọ̀pọ̀ jù lọ ìpínlẹ̀, tí owó rẹ̀ kò bá ju dọ́là 1,325 lọ lóṣù, wọ́n lè bá a san owó Part B, ìdá 20 náà, àti owó àkọ́kọ́ ilé ìwòsàn. Dókítà Medicare kò sì gbọdọ̀ fi ìwé gbèsè ránṣẹ́ sí ẹni QMB fún wọn.


Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Mo ti ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìbéèrè kan sì ń yọ mí lẹ́nu tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi yín, ẹ̀gbọ́n mi. Láti ọdún 2023 tí àìsàn ti dé, ta ló ń san owó ilé ìwòsàn? Ṣé ẹ̀yin fúnra yín ń ṣiṣẹ́?


Ìyá Ìbejì

Bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò mi. Ilé ìwòsàn ńlá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná, ìnṣọ́ránsì ibẹ̀ ló bo èmi, ọkọ mi àti àwọn ìbejì tó ti pé ọdún 13. Mo rò pé gbàrà tí Medicare bá ti dé ni yóò parí fún un. Ohun tí àjẹ́ǹtì àkọ́kọ́ sọ nìyẹn.


Akọ̀wé Tó Fẹ̀yìn Tì

Ó káre, Nọ́ọ̀sì. Èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè, mo jẹ̀bi. Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá.

Fún aláàbọ̀ ara tí kò tíì pé 65, tí ìnṣọ́ránsì tó bò ó bá wá láti ibi iṣẹ́ tí òun, ìyàwó rẹ̀ tàbí ará ilé rẹ̀ ṣì ń ṣe lọ́wọ́, tí agbanisíṣẹ́ náà sì ní òṣìṣẹ́ 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìnṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ sanwó, Medicare yóò sì tẹ̀ lé e. Fún ẹni tó ti pé 65, òṣìṣẹ́ 20 ni wọ́n ń wò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àjẹ́ǹtì ti ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ẹni tó wà ní ipò yìí lè sọ pé òun kò fẹ́ Part B ní báyìí láìsí ìtanràn, níwọ̀n ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá sì kọ̀ ọ́ láìní irú ìnṣọ́ránsì bẹ́ẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń fi lé owó rẹ̀ fún oṣù 12 kọ̀ọ̀kan tó bá fi pẹ́.

Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, kí wọ́n kọ iye òṣìṣẹ́ sínú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ pé ìnṣọ́ránsì wọn ló ń ṣáájú Medicare. Ẹ tún pe SHIP, ètò ìmọ̀ràn lórí Medicare, ti ìpínlẹ̀ yín. Ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn wọn, wọn kò sì ta ọjà kankan. Ọ̀nà tí ẹ ó fi sọ pé ẹ kò fẹ́ Part B wà nínú ìwé tó bá káàdì náà wá, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣe é kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án.


Awakọ̀ Takisí

Ẹ ní ìbejì ọdún 13? Ṣé Social Security ń san tiwọn? Ọmọ tí kò tíì pé 18 lè gba tó ìdajì iye owó bàbá rẹ̀ tó wà lórí SSDI, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òpin wà lórí ohun tí ìdílé lè gbà lápapọ̀.


Ìyá Ìbejì

Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún wa! Owó ti bàbá nìkan ló ń wọlé.


Akọ̀wé Tó Fẹ̀yìn Tì

Ẹ pe 1-800-772-1213 lọ́la, kí ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ẹ pè sílẹ̀, nítorí owó ẹ̀yìn tiwọn kì í ju oṣù 12 lọ. Oṣù kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi ń dúró lè máa bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ mú ìwé ìbí wọn dání.


Ìyá Ìbejì

Ẹ̀yin ará, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní ìròyìn. Lẹ́tà ibi iṣẹ́ mi ti dé: òṣìṣẹ́ wọn ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, wọ́n sì kọ ọ́ pé àwọn ló ń ṣáájú. Obìnrin SHIP tó bá mi sọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí kan, ó ka ìwé ìnṣọ́ránsì mi, ó sì fi hàn mí pé ohun tí a lè san jù lọ́dún kò tó ohun tí Part B àti Medigap yóò gbà lápapọ̀ ní ìpínlẹ̀ wa fún ẹni ọdún 57. A ti fi ìwé ránṣẹ́ pé a kò fẹ́ Part B ní báyìí. Part A tí kò gba owó wà lọ́wọ́ wa. Ìwé àwọn ìbejì náà ti wọlé, a ń retí èsì.

Ìbéèrè kan ló kù. Tí wọ́n bá dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójijì, tí mo sì gba COBRA fún gbogbo ìdílé, ṣé Part B lè dúró títí COBRA yóò fi parí?


Akọ̀wé Tó Fẹ̀yìn Tì

Kò lè dúró, ìyá. Láti ìgbà tí iṣẹ́ tàbí ìnṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ náà bá parí, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, oṣù mẹ́jọ ni bàbá ní láti wọ Part B láìsí ìtanràn. COBRA kì í ṣe ìnṣọ́ránsì iṣẹ́ tí a ń ṣe lọ́wọ́, kò sì dá ọjọ́ náà dúró. Kò yẹ kí ẹ tilẹ̀ lo oṣù mẹ́jọ náà tán, nítorí pé lábẹ́ COBRA, Medicare ni yóò di ẹni tó ń ṣáájú, ilé iṣẹ́ náà sì lè kọ̀ láti san ìpín tí Part B ìbá ti san. Ẹ fi lẹ́tà iye òṣìṣẹ́ náà sínú fáìlì kan náà tí káàdì wà, kí ẹ sì máa gba tuntun rẹ̀ lọ́dọọdún.